Ilé Là Á Wò Kí A Tó Kọ Kóòdù: Ọ̀rọ̀ Lórí Àrùn Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ìwé Ìtọ́jú Wa

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera bá àwọn ìdílé sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa

  

Àwa nọ́ọ̀sì tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ìlera ni ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wa ló ti kọ́ṣẹ́ nílé kí a tó wá kọ́ òmíràn kún un níbí ní Amẹ́ríkà. Nílé, káàdì tí aláìsàn mú lọ́wọ́ ni gbogbo ìtàn àìsàn rẹ̀ wà. Níbí, ohun tí dókítà bá kọ, láìpẹ́ ó ti di lẹ́tà kan pẹ̀lú nọ́ńbà mélòó kan. Òun ni a ń pè ní kóòdù. Àwa kọ́ là ń yan kóòdù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń yàn án la ti ń ṣiṣẹ́, a sì ń rí ohun tí kóòdù kan ṣoṣo lè ṣe fún ìdílé, ìbáà ṣe rere ìbáà ṣe búburú.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kóòdù náà, orúkọ ni. Ó ń tẹ̀ lé ènìyàn láti ilé ìwòsàn kan dé èkejì. Òun ni ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ń kà kí wọ́n tó sanwó. Òun ni dókítà tí kò rí yín rí yóò kọ́kọ́ kà lóru ọjọ́ tí ẹ bá sáré gbé ọmọ dé. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a ó sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: orúkọ tí wọ́n kọ fún ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá sì tọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n tún un kọ.

NÍBO NI KÓÒDÙ TI WÁ?

Kì í ṣe inṣọ́ránsì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1893, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Jacques Bertillon gbé ìwé kan kalẹ̀ níbi ìpàdé àwọn oníṣirò ní Chicago, kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè máa fi orúkọ kan náà pe ohun tó ń pa ènìyàn. Ní 1948, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi àwọn àìsàn tí kì í pani kún un. Ìwé kẹwàá irú rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí ní 1990. Amẹ́ríkà fẹ ìwé kẹwàá yìí lójú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún orúkọ àìsàn ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2015. Òótọ́ ni pé ìwé kọkànlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lágbàáyé láti oṣù kìn-ín-ní 2022, ṣùgbọ́n ìwé kẹwàá ni Amẹ́ríkà ṣì ń lò. Ní gbogbo ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ni wọ́n ń fi kóòdù tuntun kún un.

Nínú ìwé yìí, lẹ́tà D ló gba àrùn inú ẹ̀jẹ̀, láti D50 lọ. Ibẹ̀ la ó dúró sí lónìí.

TA NÍ Ń YÀN ÁN?

Dókítà ló ń sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, akọ̀wé kóòdù ló sì sábà máa ń sọ ọ́ di nọ́ńbà nílé ìwòsàn. Akọ̀wé yìí kò rí aláìsàn. Ìwé ló ń rí. Kò sì gbọdọ̀ ti orí ara rẹ̀ ro ohun tí dókítà kò kọ. Bí èsì lábù bá wà nínú fáìlì ṣùgbọ́n tí dókítà kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀, akọ̀wé kò lè fi èsì yẹn nìkan yan orúkọ àìsàn. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá sọ fún dókítà tí ó sì kọ sílẹ̀ níye lórí ju bí ẹ ti rò lọ.

Ìlànà kan tún wà tó máa ń da àwọn ènìyàn wa láàmú. Ní kílíníìkì, níbi tí ènìyàn ti ń lọ kí ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà, bí dókítà bá kọ pé òun "fura" sí àìsàn kan, wọn kì í kọ kóòdù àìsàn yẹn. Ohun tí ẹ bá wá fún ni wọ́n ń kọ: ó rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ara ń ro ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ènìyàn dúró ní wọ́ọ̀dù, tí dókítà sì ṣì ń kọ "ó ṣeé ṣe kó jẹ́" báyìí báyìí ní ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ìlànà gbà kí wọ́n kọ kóòdù rẹ̀ bí ẹni pé ó dájú. Ẹ rí i bí ohun tí a kàn fura sí ṣe lè di orúkọ ènìyàn. Ẹ máa béèrè ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ pé, "Ṣé èyí dájú, àbí ẹ ṣì ń wádìí rẹ̀?"

ÌDÍLÉ D57

Àwọn baba wa ti mọ àìsàn yìí kí òyìnbó tó fún un lórúkọ. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń pè é. Lónìí, ọmọ á dùbúlẹ̀ bí ẹni tí kò ní í là á. Lọ́la, á dìde, á tún máa ṣeré. Ní 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa aláìsàn kan tí ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ibẹ̀ ni orúkọ tí òyìnbó ń pè é ti wá.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú orúkọ tiwa: ọjọ́ tí ó "kú" yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ó "dìde". Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kóòdù ṣe pín in. Bí ara ọmọ SS bá le, tó kàn wá fún àyẹ̀wò, D57.1 ni. Bí kíráísíìsì bá dé, ó bọ́ sí D57.0, ó sì ní ẹ̀ka. D57.00 ni ìrora kíráísíìsì láìsí ohun mìíràn. D57.01 ni èyí tó wọ àyà, tí ẹ̀dọ̀fóró kò gbà dáadáa. D57.02 ni ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ rọ́ sínú ọlọ inú, tí ikùn ọmọ wú lójijì. D57.03 ni èyí tó dé ọpọlọ, tó lè fa rọpárọsẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2023, D57.04 ti wà fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọdé tó wú.

AS kò sí nínú ìwọ̀nyí rárá. D57.3 ni tirẹ̀. Nílé, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, nítorí náà kò sí ìdílé kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò ní í ní ẹnìkan. Ẹni AS kì í ṣe aláìsàn SS. Bí wọ́n bá ṣì í kọ, tí D57.3 di D57.1, ẹni tí ara rẹ̀ le ti gba àrùn tí kò ní sínú fáìlì. Dókítà tó bá kà á lẹ́yìn ọ̀la lè fi gbogbo ìrora inú tàbí àyà sọrí kíráísíìsì, kí ó má wá ohun tó ń ṣe é gan-an.

SC, ÈYÍ TÓ KAN ÀWA YORÙBÁ JÙ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Ẹ̀jẹ̀ C wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ju àwọn ẹ̀yà tó wà ní ìlà-oòrùn Odò Ọya lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé AC kò yàtọ̀ sí AA. Ní ti ara ẹni náà, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí AC bá fẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló lè bọ́ sí SC. SC kì í ṣe AS, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe SS. Àìsàn ni, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni SC lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní í fura, síbẹ̀ kí ó máa ba inú ẹyinjú jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹni SC ní láti máa lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lóòrèkóòrè.

D57.20 ni kóòdù SC nígbà tí ara le. Bí kíráísíìsì bá dé, ó di D57.21 pẹ̀lú nọ́ńbà kan sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà nìyí: bí dókítà bá kọ "sickle cell disease" lásán, láìsọ irú èyí, ibi tí ìwé atọ́ka darí akọ̀wé sí ni D57.1. Ẹni SC ti di SS nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Bákan náà ni ẹni tó jogún S pẹ̀lú thalassaemia: D57.42 ni bí ó bá jẹ́ irú tí kò ní ẹ̀jẹ̀ A rárá, D57.44 sì ni bí ó bá ní díẹ̀.

Kí ló burú níbẹ̀? Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Àwọn ọmọ SS, àti ọmọ tó ní S pẹ̀lú thalassaemia tí kò ní ẹ̀jẹ̀ A, ni a ń fi ẹ̀rọ wo iṣan orí wọn lọ́dọọdún láti ọmọ ọdún 2 dé 16, kí rọpárọsẹ̀ má bàa ká wọn mọ́. Bí kóòdù bá ṣì, ẹni tó yẹ kí wọ́n pè fún àyẹ̀wò yẹn lè máà rí ìpè gbà. Ọ̀rọ̀ tí òbí yóò sọ kò gùn: "Dókítà, SC ni ọmọ wa, kì í ṣe SS. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tòní."

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ, láti 2006 ni gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún àìsàn yìí. Lẹ́tà F máa ń wà níwájú nínú èsì, torí ẹ̀jẹ̀ inú oyún ni. FAS túmọ̀ sí AS. FSC túmọ̀ sí SC. FS ní láti tún ṣe àyẹ̀wò kí a lè mọ̀ bóyá SS ni tàbí òmíràn. Kí ó tó dájú, P09.3 ni wọ́n lè kọ, èyí tó kàn sọ pé àyẹ̀wò ọmọ tuntun fi nǹkan hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ má sá, ẹ má sì fi ìwé náà pamọ́. Ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bébà àtijọ́ tí ẹ gbé wá láti ilé nìkan. Ẹ tún un ṣe níbí, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ mọ̀ nípa C àti thalassaemia pẹ̀lú S.

ÌRORA KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Ọ̀rọ̀ tó ń dun àwa nọ́ọ̀sì jù rèé. Ọ̀dọ́ ọkùnrin tó ní SS á dé ilé ìwòsàn lóru, á ní ẹ̀yìn àti itan ń ro òun. Kò sí ojú ọgbẹ́, kò sí ibi tó wú. Bí wọn kò bá kọ ju "ìrora" lọ, R52 ni. R52 kò sọ ìdí kankan. Bí ó bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ohun tí fáìlì rẹ̀ ń sọ ni pé ẹnìkan ń wá gba oògùn ìrora nígbà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ D57.00 ni wọ́n kọ, fáìlì kan náà ń sọ pé kíráísíìsì kọlu ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì yẹ kí a wá ìtọ́jú tó lágbára fún un. Ènìyàn kan náà, ìrora kan náà, ìtàn méjì.

Kóòdù méjì tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ìrora líle fún ìgbà pípẹ́, bí dókítà ṣe júwe rẹ̀, Z79.891 ni tirẹ̀. Kò sọ ju pé ó ń lo oògùn náà. F11.20 ni ti ẹni tí oògùn náà ti di àrùn sí lára. Dókítà gbọ́dọ̀ ti yẹ ẹni náà wò kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lè kọ èyí. Wọn kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. A ti rí i nínú fáìlì àwọn ọmọ wa. Z76.5 ló tún le jù, torí ó ń sọ pé ẹni náà ń díbọ́n àìsàn. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé ọmọ yín tó ní SS, ẹ má sùn lé e.

Ìdí mìíràn wà tó fi yẹ kí kíráísíìsì kọ̀ọ̀kan wà lákọsílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú apilẹ̀-àbùdá méjì, Casgevy àti Lyfgenia, fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 12, tí kíráísíìsì sì ti ń bá fínra. Owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Kò sí inṣọ́ránsì tí yóò san irú owó bẹ́ẹ̀ láìwo ẹ̀rí. Kíráísíìsì tí ẹ fara dà nílé, tàbí tí wọ́n kọ R52 sí, kò ní í ṣe ẹ̀rí kankan fún yín.

ÀÌTÓ Ẹ̀JẸ̀ ÀTI G6PD

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó kò pin sí AS àti SS. D64.9 ni wọ́n ń kọ bí wọ́n bá kàn sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, láìsọ ìdí. Orúkọ aláìnílé ni. Obìnrin tó ní ìju inú ilé ọmọ, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya bí omi, tí èròjà irin sì ti tán lára rẹ̀, D50.0 ló yẹ ẹ́, kí kóòdù ìju, D25, sì tẹ̀ lé e. Méjèèjì pọ̀ ló ń sọ ìtàn náà pé: ìju ló ń fa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń kó irin lọ. Nígbà náà ni wọn yóò tọ́jú orísun rẹ̀, tí wọn kò ní í máa fún un ní oògùn irin títí ayé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni SS tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kò gbọdọ̀ máa ra oògùn irin mu fúnra rẹ̀. Irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

G6PD náà wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá àwọn ọkùnrin. Ara onítọ̀hún le, àfi bí ó bá pàdé oògùn kan tàbí kánfọ̀ inú aṣọ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Láti oṣù kẹwàá 2019, D75.A ti wà fún ẹni tó ní G6PD tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fọ́. D55.0 ni ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù nítorí rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀kan nínú méjèèjì wà nínú fáìlì kí wọ́n tó fún un ní oògùn tó lè pa á lára.

ẸRÙ TÓ Ń BÀ WÁ

A mọ̀ pé àwọn kan ń bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá wọ ìwé, ọmọ kò ní í rí ọkọ fẹ́, inṣọ́ránsì yóò sì lé e. Láti 2014, òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé inṣọ́ránsì ìlera kò gbọdọ̀ kọ ènìyàn tàbí gba owó jù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìsàn tó ti ní tẹ́lẹ̀. Òfin 2008 sì dáàbò bo ọ̀rọ̀ apilẹ̀-àbùdá níbi iṣẹ́ àti ní inṣọ́ránsì ìlera. Òótọ́ ni pé òfin 2008 yẹn kò dé inṣọ́ránsì ẹ̀mí, nítorí náà ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n àṣírí tí a bò mọ́ dókítà lójú kò bo ọmọ, ó ń fi ọmọ wewu ni.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Èkínní, kí olúkúlùkù mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀, kí ó sì ní bébà lábù nílé àti ẹ̀dà kan nínú àpò.

Èkejì, bí ẹ bá ti ilé ìwòsàn dé, ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò náà. Òfin fún yín láṣẹ láti rí fáìlì yín, wọ́n sì ní ọjọ́ 30 láti fún yín. Ẹ wá lẹ́tà D.

Ẹ̀kẹta, bí kò bá tọ̀nà, ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ so bébà lábù mọ́ ọn. Wọ́n ní ọjọ́ 60 láti dáhùn, wọ́n sì lè fi 30 kún un lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin náà sì lè kọ tiyín kí wọ́n fi sínú fáìlì.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń kó ìwé ránṣẹ́ sí ẹbí ní London, ẹ má fi kóòdù nìkan ránṣẹ́. Wọ́n ń lo ìwé kẹwàá níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n tiwọn kò ní ẹ̀ka tó pọ̀ bíi ti Amẹ́ríkà. D57.2 wọn ló gba SC àti S pẹ̀lú thalassaemia pọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀jẹ̀ náà gan-an sí i.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè. Akọ̀wé kóòdù kì í ṣe ọ̀tá. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń kọ. Bí ẹ bá tún ìwé ṣe, inú rẹ̀ yóò dùn jù yín lọ.

Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo ìdílé ló ń péjọ, tí bàbá àgbà ń sọ tirẹ̀, tí ìyá àgbà ń sọ tirẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n sọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan náà lórúkọ láìsí ẹnìkan nínú wa níbẹ̀. Tábìlì wa wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹ mú ìwé yín wá, a ó jọ kà á láìsọ fún ẹnikẹ́ni.  Ara yóò le, ẹ̀jẹ̀ yóò dára o.